Jẹ̀díjẹ̀dí àti bí a ṣe ń dènà rẹ̀ ní Ìbàdàn

Jẹ̀díjẹ̀dí ni wíwú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó yí ihò ìdí ká, nínú àti lóde. Gbogbo èèyàn ló ní àwọn iṣan yìí, wọ́n sì wúlò, torí wọ́n wà lára ohun tó ń pa ihò ìdí dé kí ìgbẹ́ tàbí ìsó má ṣèèṣì jáde. Ìgbà tí wọ́n bá wú tí wọ́n sì sọ̀ kalẹ̀ ni wàhálà dé: ẹ̀jẹ̀ á máa kán, ìdí á máa yún ni, ẹran á sì yọ síta nígbà mìíràn, débi pé ọwọ́ ni wọ́n á fi tì í padà. Ti inú kì í sábà dun ni. Ti ìta ló máa ń ro ni gógó, pàápàá bí ẹ̀jẹ̀ bá dì sínú rẹ̀.

Bí ẹ bá béèrè ohun tó ń fà á ní Ìbàdàn, ṣúgà lẹ máa gbọ́. Ìyá á pariwo mọ́ ọmọ tó ń bu ṣúgà sí gàrí. Orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe ìrora ìbàdí, inú kíkùn àti nǹkan ọkùnrin tí kò dìde mọ́, abájọ tí ọjà àgbo jẹ̀dí fi ń tà wàràwàrà ní Dùgbẹ̀ àti Challenge. Ṣúgà fúnra rẹ̀ kì í mú iṣan ìdí wú. Ẹ̀bi rẹ̀ kò ju pé ẹni tó ti fi búrẹ́dì, bisikíìtì àti míníra yó kì í ráyè jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́. Ipá ló ń mú un wú: ìgbẹ́ tó le, gbígbin lé e lórí, àti jíjókòó pẹ́ nílé ìgbọ̀nsẹ̀. Àgbo lè ṣínú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbẹ́ gbuuru tó ń ṣe lemọ́lemọ́ náà máa ń da ìdí láàmú.

Ohun tó ń mú kí ìgbẹ́ rọ̀ ni fáíbà, ìyẹn háhá àti èèpo oúnjẹ tí ikùn kò lè dà, tó máa ń fa omi mọ́ra nínú ìfun. Denis Burkitt, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Ireland tó ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Uganda, polongo rẹ̀ gan-an ní àwọn ọdún 1970. Kì í ṣe gbogbo ohun tó sọ ni àwọn onímọ̀ gbà lónìí, ṣùgbọ́n àyẹ̀wò 7 tí wọ́n kó jọ ní 2005, lórí aláìsàn 378, fi hàn pé fáíbà dín ẹ̀jẹ̀ tó ń kán kù ní nǹkan bí ìdajì. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ní kí àgbàlagbà jẹ ó kéré tán giramu 25 lóòjọ́. Ife ẹ̀wà sísè kan ní tó 11.

Kò sí èyí tí ẹ máa wá tì nínú oúnjẹ tó ní fáíbà ní ọjà Bódìjà. Bí a ṣe ń jẹ ẹ́ ni ìṣòro. Ọlọ́sàn á fi ọ̀bẹ bó ọsàn yípo, á gé orí rẹ̀. Oníbàárà á tẹ̀ ẹ́, á fa omi rẹ̀ gbẹ, á sì ju ìyókù sínú gọ́tà. Inú ìyókù yẹn ni fáíbà wà. Gbẹ̀gìrì náà, èèpo ẹ̀wà ti bá omi lọ kó tó dé orí iná. Ewédú sàn jù ú lọ: bí ìjábẹ̀ ti wù kó jà á tó, gbogbo ewé náà ṣì wà nínú ọbẹ̀. Omi gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé fáíbà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú á tún dí. Awakọ̀ takisí máíkírà tí kì í mu píọ́ wọ́tà kí ìtọ̀ má baà gbọ̀n ọ́n lójú ọ̀nà ń ṣe ara rẹ̀ ní jàǹbá.

Ìgbẹ́ mímú mọ́ra kò gba àfiyèsí tó, bẹ́ẹ̀ sì rèé, lójú tiwa, òun ló burú jù ní ìgboro. Lẹ́yìn jíjí àti oúnjẹ àárọ̀ ni ìfun ńlá máa ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ẹni tó ti jáde ní kùtùkùtù á wà nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Ring Road nígbà tí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n ọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé Agbowó, tí òun àti ọ̀pọ̀ yàrá jọ ń lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan, á ní ó di alẹ́. Bí ìgbẹ́ bá ti ń pẹ́ nínú, bẹ́ẹ̀ ni ìfun á máa fa omi rẹ̀, tí á sì le bí òkúta. Kí èèyàn jí ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú, kó jẹun, kó sì lọ sílé ìgbọ̀nsẹ̀ kó tó jáde, sàn ju ìgò àgbo lọ.

Ẹni tó bá lọ, kó má pẹ́ níbẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà lórí àgbàlagbà 125, tó jáde ní 2025, rí i pé ewu jẹ̀díjẹ̀dí fi ìdá 46 nínú ọgọ́rùn-ún ga láàárín àwọn tó ń mú fóònù wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó. Ìlóṣòó tí àwọn baba wa ń lò lórí ṣáláńgá máa ń jẹ́ kí ọ̀nà ìgbẹ́ tọ́. Lórí àga olómi, àpótí kékeré lábẹ́ ẹsẹ̀ lè ṣe irú rẹ̀.

Aboyún nílò ìṣọ́ra ju ẹnikẹ́ni lọ, torí ọmọ ń tẹ iṣan, oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún un ní àyẹ̀wò oyún sì máa ń mú kí ìgbẹ́ le. Kò gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ pa oògùn náà tì. Kó sọ fún nọ́ọ̀sì.

Ẹ̀jẹ̀ jẹ̀díjẹ̀dí sábà máa ń pọ́n yòò, kì í sì í ro ni. Jẹjẹrẹ ìfun náà lè mú ẹ̀jẹ̀ wá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dúdú tàbí tó pò mọ́ ìgbẹ́, bí èèyàn bá ń rù tàbí bí ìgbẹ́ rẹ̀ bá yí padà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, dókítà ló yẹ kó wò ó. Ní ilé ìwòsàn UCH, wọ́n máa ń gba ìdí ki kámẹ́rà bọ ìfun láti mọ èyí tó jẹ́.