Orlando Martins: Ọmọ Èkó Nínú Sinimá Ilẹ̀ Òkèèrè

Láìpẹ́ yìí, nínú ilé kan ní GRA Ìkẹjà, mo fi sinimá The Hasty Heart, ti ọdún 1949, han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi kan. Gbogbo wọn ni ó dá Ronald Reagan mọ̀, nítorí pé ó padà wá ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ó mọ géńdé dúdú tí wọ́n jọ wà ní yàrá ìtọ́jú ọmọ ogun náà. Ọmọ Èkó ni. Orlando Martins ni.

Ìdílé Àgùdà ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1899. Ogun Àgbáyé Kìíní ni ó gbé e dé inú ọkọ̀ ojú omi, ó sì fìdí kalẹ̀ sí Lọ́ńdọ̀nù lẹ́yìn rẹ̀. Ó ja ìjàkadì, ó fi ejò dárà nínú agbo sákọ́ọ̀sì, ó ṣe èrò ẹ̀yìn nínú eré orí ìtàgé, kí ó tó bá Paul Robeson ṣe Sanders of the River ní ọdún 1935.

Èyí tí ó dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa ni Men of Two Worlds, ti ọdún 1946. Martins ni Magole, oníṣègùn tí kò fẹ́ kí ìjọba amúnisìn kó ará abúlé kúrò níbi tí eṣinṣin ti ń kó àrùn oorun ràn wọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí pé, “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ṣé ojú kò tì í láti fi ìṣègùn àwọn baba wa ṣe yẹ̀yẹ́?” Ìbéèrè náà tọ́. Irú ipa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fún adúláwọ̀ nígbà náà. Ẹni tí ó bá kọ̀ ọ́ yóò padà sí èbúté lọ ru ẹrù. Ṣùgbọ́n ní tèmi, àwọn tí ó kọ eré náà fẹ́ kí a fi Magole rẹ́rìn-ín, Martins kò sì gbà fún wọn. Ohùn rẹ̀ rinlẹ̀, ìdúró rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tí ó ní nǹkan láti dáàbò bò.

Nínú The Hasty Heart, wọ́n tilẹ̀ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Blossom, ọmọ ogun Basuto ní Bọ́mà, kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. (Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ni ó jagun ní Bọ́mà, ìdí tí òǹkọ̀wé fi pe ẹni yìí ní Basuto kò yé mi.) Ojú àti ọwọ́ nìkan ni Martins fi ṣe é, síbẹ̀ ẹ̀bùn ìlẹ̀kẹ̀ tí ó gbé fún ará Scotland tí ikú ń bọ̀ wá bá kò ṣe é gbàgbé.

Ìgbà tí ó padà sílé ni ó tó rí ipa mìíràn: Dókítà Gbenga nínú Kongi's Harvest, ọdún 1970, àti lẹ́yìn èyí, Obierika, ọ̀rẹ́ Okonkwo tí í máa ro ọ̀rọ̀ jinlẹ̀, nínú sinimá tí wọ́n fi ìwé Achebe ṣe. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún nígbà náà.

Ọdún 1985 ni ó kú ní Èkó, nígbà tí Reagan ń ṣe ààrẹ lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bi mí ní ìbéèrè ti ní kí n tún fi Magole han òun lẹ́ẹ̀kan sí i.