Ibà Làkúrègbé Ọmọdé: Àrùn Tí Wọ́n Ní Kò Sí Nílẹ̀ Wa

Ní Àyèká, bíi ti ìlú yòówù nílẹ̀ Ìkálẹ̀, bí ọmọdé bá ń sunkún orúnkún, ibà ni wọ́n kọ́kọ́ ń fura sí, tàbí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Ibà làkúrègbé kì í tètè sọ síni lọ́kàn. Ẹ̀bi àwọn òbí kọ́: ọ̀pọ̀ dókítà òyìnbó láyé ìjọba amúnisìn gbà pé àrùn ilẹ̀ òtútù ni, pé kì í mú ọmọ ilẹ̀ olóoru. Ẹni tí kò wá nǹkan, báwo ni yóò ṣe rí i?

Ìwádìí tí Beet tẹ̀ jáde lọ́dún 1956 láti Àríwá Nàìjíríà wà lára àwọn tó tako èrò náà. Ní Ìbàdàn, Jaiyesimi àti Antia kọ̀wé lọ́dún 1981 lórí àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ibà yìí ti ba ọkàn wọn jẹ́.

Ọ̀fun ló ti ń bẹ̀rẹ̀, lára ọmọ ọdún 5 sí 15 jù lọ. Kòkòrò streptococcus, èyí tí Rebecca Lancefield pín sí ìsọ̀rí lọ́dún 1933, á mú kí ọ̀fun wú, kí itọ́ ṣòro gbé mì. Ọ̀fun á san. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ 2 sí 3, agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà á ṣìnà, á kọjú sí ara ọmọ fúnra rẹ̀. Orúnkún á wú lónìí. Bó bá rọlẹ̀, ìgúnpá á gbà á. Ní ti àwọn mìíràn, ọwọ́ wọn ni á máa já fìrì, ṣíbí á máa bọ́, ìwé kíkọ tó mọ́ tẹ́lẹ̀ á di wúruwùru. Olùkọ́ á ní ọmọ ń ṣeré, aládùúgbò á ní ayé ló ń dà á láàmú. Thomas Sydenham, dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàpèjúwe èyí lọ́dún 1686, láìmọ̀ pé ó bá ọ̀fun tan.

Oríkèé a máa san láìsí àpá. Ọkàn ò rí bẹ́ẹ̀: awẹ́ tó ń ṣí tó ń pa dé fún ẹ̀jẹ̀ lè le, ó lè máa jò, ọmọ á sì di ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Bó bá dà bẹ́ẹ̀, ó lè di iṣẹ́ abẹ. Ọdún 1974 ni wọ́n tó kọ́kọ́ ṣí ọkàn ṣiṣẹ́ abẹ ní Nàìjíríà, ní Enugu, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe owó tí àgbẹ̀ ọ̀pẹ lè tètè rí.

Bí pẹnisílìnì bá bá ọ̀fun láàárín ọjọ́ 9, ibà náà kì í sábà tẹ̀lé e. Ọmọ tó bá ti ní in rí á máa gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta tàbí mẹ́rin mẹ́rin, fún ọdún 5 ó kéré tán, ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ bó bá ti kan ọkàn. Abẹ́rẹ́ náà ń ro gan-an. Ọmọ tó ń ta bọ́ọ̀lù, tí kò jọ aláìsàn lójú ẹnikẹ́ni, ni ìyá á máa fà lọ gbà á, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń jáwọ́.