Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́ Nínú Àwo Orin Kan

Bí a ṣe tún pé jọ yìí, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀rọ̀ nípa àwo orin kan tí ilé iṣẹ́ Supraphon ní Prague gbé jáde ní 2006. Ènìyàn mẹ́rin ló ń ṣeré níbẹ̀: fáyólìn méjì, fíólà kan, ṣẹ́lò kan, ìbátan gòjé ni gbogbo wọn. Orin Leoš Janáček wà nínú rẹ̀, ti akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, Pavel Haas, sì wà pẹ̀lú.

Ìlú Brno, ní ilẹ̀ Czech, ni Haas ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Janáček láti 1920 sí 1922. Olùkọ́ yìí fi ọdún 45 jù ú lọ. Ní 1925, Haas kọ orin kan, ó pè é ní "Láti Orí Òkè Ọ̀bọ", ó sì fi ìlù sí apá ìkẹyìn rẹ̀ bíi ti jáàsì. Nígbà tí ẹgbẹ́ Moravian Quartet ṣe é ní Brno ní 1926, àwọn kan bu ẹnu àtẹ́ lu ìlù náà. Haas bá yọ ọ́ kúrò.

Ní 1928, Janáček náà kọ "Àwọn Lẹ́tà Àṣírí". Ó kú ní oṣù kẹjọ. Ní oṣù kẹsàn-án, Moravian Quartet kan náà gbé orin náà jáde fún aráyé.

Júù ni Haas. Nígbà tí àwọn Násì gba ilẹ̀ wọn, ó kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ òfin kí ìyà má baà kan òun àti ọmọbìnrin wọn. Wọ́n kó Haas lọ sí àgọ́ Terezín ní 1941. Ní oṣù kẹwàá 1944, wọ́n pa á ní Auschwitz. Ẹni ọdún 45 ni.

Ṣé ọ̀rọ̀ wá parí síbẹ̀? Rárá o. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ní 2002, àwọn ọ̀dọ́ olórin mẹ́rin fi orúkọ rẹ̀ sọ ẹgbẹ́ wọn: Pavel Haas Quartet. Àwọn ló ṣe àwo yìí. Wọ́n ní kí Colin Currie wá lu ìlù tí wọ́n ti yọ kúrò ní Brno, ìlù náà sì padà sáyè rẹ̀. Ní 2007, àwo náà gba ẹ̀bùn ìwé ìròyìn Gramophone.

Ẹ̀yin ará, a máa ń ka orúkọ àwọn olóògbé wa níbi ìpàdé. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa sọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn mọ́ orúkọ wọn, kí àwọn ọmọ tó wà ní kíláàsì lónìí lè rí nǹkan tẹ̀ síwájú.