Fọtosíńtẹ́sísì

Iṣẹ́ tí ewé tútù ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn ṣe ni, nígbà tí ó bá pa omi tí gbòǹgbò fà láti inú ilẹ̀ pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù tí ó gba ojú ihò wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ wọlé, tí ó sì sọ wọ́n di ṣúgà, tí ó sì ń tú ọ́síjìn jáde. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì, ìmọ́lẹ̀ àti àkópọ̀, ni ó bí orúkọ náà. Ọdún 1893 ni Charles Barnes, ọmọ Amẹ́ríkà, dá a lábàá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ mìíràn ni ó wu òun fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1779 ni Jan Ingenhousz, oníṣègùn ọmọ ilẹ̀ Họ́láǹdì, ti fi hàn pé ibi tí ó ní àwọ̀ ewé lára igi ni ó ń tú ọ́síjìn jáde, lójú ìmọ́lẹ̀ nìkan.

Ṣúgà tí ewé ń ṣe yìí ni ìyá gbogbo kabohaidíréètì. Igi a jẹ nínú rẹ̀, a sì so èyí tí ó ṣẹ́kù pọ̀ di sítáàṣì. Àwọn baba wa ní bí iṣu ẹni bá ta, ṣe ni à ń fi ọwọ́ bò ó jẹ, àfi bí ẹni pé iṣu àti ẹ̀gẹ́ fúnra wọn gbọ́ òwe náà, nítorí abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń kó tiwọn pamọ́ sí, kí a tó wà á, kí a tó gún iyán tàbí kí a ṣe èlùbọ́. Ṣùgbọ́n ewé tí kò bá rí ìmọ́lẹ̀ kò lè ṣe ṣúgà tí wọn yóò kó pamọ́; ìdí nìyí tí àgbẹ̀ tí ó mọṣẹ́ fi ń ri ọ̀pá sí ẹ̀gbẹ́ ebè, kí ìtàkùn iṣu lè gùn ún sókè, kí àwọn ewé rẹ̀ má baà ṣíji bo ara wọn.