Pátẹ́ǹtì lórí ètò kọ̀ǹpútà

Pátẹ́ǹtì ni ẹ̀tọ́ tí ìjọba ń fún ẹni tó ṣẹ̀dá ohun tuntun, kí ẹlòmíràn má baà ṣe é tà láìgbàṣẹ. Ní Nàìjíríà, òfin ọdún 1970 ló ń darí rẹ̀. 20 ọdún ló ń wà, bí a bá ń san owó ọdọọdún. Ohun náà gbọ́dọ̀ jẹ́ tuntun, kí ó ní ọgbọ́n àtinúdá, kí ó sì wúlò nílé iṣẹ́. Ìlànà sáyẹ́ǹsì lásán kò lè gbà á.

Bí àpẹẹrẹ, ẹ wo dòdò Ìkirè, ìpanu tí a fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n jù, ata àti epo pupa ṣe. Ọgbọ́n àtijọ́ tí àwọn ará ìlú Ìkirè mọ̀ dunjú ni, kò lè gba pátẹ́ǹtì. Bí ẹnì kan bá kọ ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣírò ìgbóná epo, òfin ẹ̀tọ́ oǹkọ̀wé ọdún 2022 ló ń dáàbò bo ohun tó kọ. Ẹ̀rọ ìdíndòdò tuntun tí ètò náà ń darí iná rẹ̀ ni a lè tọrọ pátẹ́ǹtì fún lọ́dọ̀ ìjọba l'Ábùjá. Àmọ́ ìjọba kì í ṣe onígbọ̀wọ́ pé pátẹ́ǹtì náà fẹsẹ̀ múlẹ̀: bí ẹjọ́ bá dé, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e.

Ní ti Yúróòpù, ìdájọ́ tí ìgbìmọ̀ pátẹ́ǹtì ibẹ̀ dá ní ọdún 2021 (G 1/19) sọ pé àfarawé inú kọ̀ǹpútà (simulation) náà lè gba pátẹ́ǹtì, bó bá yanjú ìṣòro iṣẹ́ ẹ̀rọ.