Oúnjẹ Ló Kó Wa Jọ: Ìtàn Àsè àti Oúnjẹ Pínpín Nínú Ẹgbẹ́ Wa

Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá. Nígbà tí wọ́n ní kí a kọ ìtàn ẹgbẹ́ sínú ìwé yìí, àwọn kan rò pé orúkọ àwọn olóyè àti ọjọ́ ìpàdé la máa tò sílẹ̀. Ìyẹn ti wà ní ojú ewé mìíràn. Ìtàn oúnjẹ ni a fẹ́ sọ níbí: ohun tí a jọ jẹ, ohun tí a pín fún ẹlòmíràn, àti ìjà tí oúnjẹ dá sílẹ̀ láàárín wa, tó sì sọ wá di ẹgbẹ́ gidi.

Kí Ẹgbẹ́ Tó Di Ti Aṣọ

Láyé àtijọ́, aṣọ kọ́ ni wọ́n fi ń mọ ẹgbẹ́. Àwọn tí wọ́n bí ní sáà kan náà ló máa ń jọ ṣe iṣẹ́ ìlú. Wọ́n á ro ojú ọ̀nà odò, wọ́n á tún ọjà ṣe, wọ́n á sì jáde bí ogun bá dé. Ní ti iṣẹ́ oko, ọ̀nà méjì ni wọ́n fi ń ran ara wọn lọ́wọ́. Èkíní ni àáró: lónìí ẹ wá bá mi kọ ebè, lọ́la a ó lọ sí oko ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí gbogbo wa. Èkejì ni ọ̀wẹ̀: ẹni tó fẹ́ mọ ilé, tàbí tó fẹ́ ro oko àna rẹ̀, yóò bẹ ẹgbẹ́ lọ́wẹ̀. Kò ní san owó, ṣùgbọ́n oúnjẹ gbọ́dọ̀ wà, ẹmu náà gbọ́dọ̀ wà. Ẹni tó bẹ ẹgbẹ́ lọ́wẹ̀ tí kò jẹ́ kí wọ́n yó, ẹnu wọn kò ní í dákẹ́ lórí rẹ̀ kí wọ́n tó délé.

A sọ èyí kí ó lè yé àwọn ọmọ wa pé iṣẹ́ ló bí àsè. Àwọn bàbá wa kò kàn jókòó ti ìkòkò ọbẹ̀ nítorí pé ọdún dé. Wọ́n ti gbé nǹkan kan ró fún ẹnìkejì wọn kí wọ́n tó fọ ọwọ́ jẹun.

Ojúde Ọba

Kò sí ẹni tí yóò sọ ìtàn ẹgbẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde tí kò ní í dé Ojúde Ọba. Nígbà tí ìsìn Ìsìláàmù fẹsẹ̀ múlẹ̀ nílùú wa ní ìparí sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn Mùsùlùmí àkọ́kọ́ a máa lọ sí ojúde Awùjalẹ̀ lẹ́yìn Iléyá láti dúpẹ́ pé Ọba fún wọn láyè láti ṣe ẹ̀sìn wọn. Nígbà tí Balógun Kúkù gba Ìsìláàmù ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì ogún, ọlá àti ẹṣin rẹ̀ fi kún ẹwà ọjọ́ náà. Lónìí, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, onígbàgbọ́, Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe ló jọ ń lọ. Ọba Sikiru Adétọ̀nà, tó gorí ìtẹ́ ní ọdún 1960, ló tún gbé ètò régbérégbé dìde, tó fi jẹ́ pé ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àkókò tirẹ̀ láti jáde síwájú Kábíyèsí. Kábíyèsí wàjà ní ọjọ́ 13 oṣù Keje ọdún 2025, lẹ́yìn ọdún 65 lórí ìtẹ́. Ọmọ ètò tí wọ́n gbé dìde ni àwa náà.

Ohun tí ayé ń rí nínú fọ́tò ni aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹṣin. Ohun tí kì í hàn nínú fọ́tò ni ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé kí a tó jáde àti lẹ́yìn tí a bá wọlé. Láti ọjọ́ kìíní Iléyá ni àwọn ọmọ ti ń gbé abọ́ ẹran láti ilé dé ilé. A kì í béèrè pé ilé wo ni ti Mùsùlùmí, ilé wo ni ti onígbàgbọ́. Ìdá kan fún ará ilé, ìdá kan fún ẹbí àti ọ̀rẹ́, ìdá kan fún ẹni tí kò ní. Bí ó bá di Kérésìmesì, abọ́ ìrẹsì yóò gba ọ̀nà kan náà padà. Àbọ̀ ọ̀wọ̀ ni. Àwọn àgbà ló sọ ọ́: àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní.

Ohun Tó Wà Nínú Àwo Wa

Bí àlejò bá bá wa jókòó lónìí, ìkọ́kọrẹ́ ni yóò kọ́kọ́ kàn án. Ewùrà ni a fi ń sè é. A ó bó ewùrà, a ó rin ín, a ó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Kí a tó ṣe tán, ata, epo pupa, edé, ẹja gbígbẹ àti pọ̀nmọ́ yóò ti máa hó nínú ìkòkò. Ọwọ́ ni a fi ń bu ewùrà náà sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá yára fi ọmọrogùn kàn án ti bà á jẹ́, nítorí ó gbọ́dọ̀ jinná kí a tó rò ó, kí ó lè ní kókó. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀bà tútù, àwọn kan pẹ̀lú ẹ̀kọ. Nínú ewùrà yìí kan náà ni òjòjò ti ń jáde, èyí tí a ń dín nínú epo.

Gààrí Ìjẹ̀bú ni ó tẹ̀ lé e. A mọ̀ ọ́n sí gààrí tó kúnná, tó funfun, tó sì kan. Iṣẹ́ ọwọ́ obìnrin ni púpọ̀ nínú rẹ̀: wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á rin ín, wọ́n á dì í sápò, wọ́n á gbé nǹkan wúwo lé e kí omi rẹ̀ ro jáde. Ọjọ́ mélòó kan tó lò nínú àpò ló ń fún un ní kíkan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi asẹ́ kù ú, tí wọ́n á sì yan án lórí iná.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rántí ibi tí ẹ̀gẹ́ ti wá. Gúúsù Amẹ́ríkà ni ilé rẹ̀. Àwọn Potogí ló gbé e kọjá òkun wá sí etí òkun ilẹ̀ Áfíríkà láti sẹ́ńtúrì kẹrìndínlógún. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí Brazil bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí Èkó, àwọn tí à ń pè ní Àgùdà. Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ẹ̀gẹ́ di ìyẹ̀fun yíyan lọ́hùn-ún, wọ́n sì wà lára àwọn tó jẹ́ kí gààrí tàn kálẹ̀. Oúnjẹ tí a fi ń yangàn pé ti Ìjẹ̀bú ni, ẹni tí wọ́n ti jẹ níyà rí ló bá wa gbé e délé. Ó yẹ kí ó máa jẹ́ kí ojú wa rí ẹni tí ìyà ń jẹ lọ́wọ́lọ́wọ́.

Ọdún Kẹta: Ọjọ́ Tí Ojú Tì Wá

Ọdún 2015 ni a dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀. Ọdún méjì àkọ́kọ́, àwa nìkan la ń jẹun ara wa. Ní ọdún kẹta, a ní kí a ṣe oúnjẹ fún àwọn ìyá àti bàbá àgbà àti àwọn opó. A ta àtíbàbà, a gbé ìrẹsì àti gààrí sínú àpò kéékèèké tí a kọ orúkọ ẹgbẹ́ sí lára, a pe oní-fọ́tò. Ìdí tí a fi pe oní-fọ́tò kò burú lójú wa: àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lókè òkun fẹ́ rí ohun tí owó wọn ṣe.

Àwọn arúgbó tò láti àárọ̀. Oòrùn mú. Ìyá kan wà láàárín wọn tí púpọ̀ nínú wa mọ̀ láti kékeré. Òun ló ń ta mọ́ínmọ́ín lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé wa, ọmọ tí kò bá sì lówó lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan, yóò fún un jẹ láìkọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó kàn án, oní-fọ́tò ní kí ó gbé àpò náà sókè díẹ̀ kí orúkọ ẹgbẹ́ lè hàn. Ìyá wo àpò náà, ó rọra gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì, ó sì yí padà lọ sílé.

Ní ìrọ̀lẹ́, a kó ara wa lọ bẹ̀ ẹ́. Ó gba ìkúnlẹ̀ wa, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan tí a kò tíì gbàgbé. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ebi ń pa mí lóòótọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń fún yín ní mọ́ínmọ́ín, ta ni mo pè kó wá wò yín?"

Ìpàdé tó tẹ̀ lé e gbóná. Àwọn kan ní bí kò bá sí fọ́tò, owó kò ní wọlé mọ́. Àwọn kan ní owó tí yóò bá dójú ti ìyá wa, kí ó dúró síbi tó wà. Kì í ṣe ọjọ́ kan la fi parí rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, a fẹnu kò lórí òfin mẹ́ta. Kò sí fọ́tò ẹni tó ń gba oúnjẹ. Kò sí orúkọ ẹgbẹ́ lára àpò. Ọmọ ẹgbẹ́ méjì méjì ni yóò máa gbé oúnjẹ lọ sílé àwọn àgbà ní àdúgbò tí wọ́n ti mọ̀ wọ́n, ní ìrọ̀lẹ́, bí ọmọ ṣe ń gbé oúnjẹ fún ìyá rẹ̀. Owó dínkù lọ́dún náà lóòótọ́. Lẹ́yìn náà ó padà sípò.

Àjàkálẹ̀ Àrùn àti Ọ̀wọ́n

Òfin kẹta yìí ló gbà wá ní ọdún 2020. Nígbà tí kòrónà dé tí ìjọba ní kí onílé gbélé ní ìpínlẹ̀ Ògùn, a kò lè ta àtíbàbà mọ́ bí a tilẹ̀ fẹ́. Kò sí Ojúde Ọba lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n àwa ti mọ ilé kọ̀ọ̀kan, a mọ ẹni tí àrùn ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà tí kò yẹ kó jẹ ìrẹsì púpọ̀, a mọ ẹni tí kò léyín. A gbé oúnjẹ sẹ́nu ọ̀nà, a kànlẹ̀kùn, a sì kí wọn láti òkèèrè.

Ọdún 2023 ló le jù. Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ni Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹtiró ti lọ. Owó ọkọ̀ gbéra, oúnjẹ tẹ̀ lé e, kóńgò gààrí tí a ti ń rà láìronú di ohun tí a ń gbé owó rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mejì. Bẹ́ẹ̀ ni Ojúde Ọba ti kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Akápò sọ fún wa láìfi bò pé owó tó wà nílẹ̀ kò lè ra aṣọ tuntun kó sì tún ra oúnjẹ àwọn àgbà. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ yẹ̀ fún èkejì.

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ará ìlú yìí mọ ohun tí ó jẹ́ fún ẹgbẹ́ láti wọ aṣọ èṣí jáde síwájú Ọba. A dìbò. Aṣọ èṣí la wọ̀. Àwọn kan fi wá ṣe yẹ̀yẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ méjì sì bínú kúrò. Ọ̀kan ti padà, a sì ṣì ń retí èkejì, àga rẹ̀ ṣófo dè é lónìí. Láti ọdún náà ni ó ti di òfin kẹrin: owó oúnjẹ ni a kọ́kọ́ ń yọ, kí a tó dá owó aṣọ.

Ẹ̀kọ́ Tí Ẹkún Kọ́ Wa

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi ayẹyẹ ọmọdé kan ní Ìbàdàn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ènìyàn tún kú lọ́nà kan náà ní Okija àti ní Àbújá níbi tí wọ́n ti fẹ́ pín oúnjẹ. Kò sí ẹni tó gbé oúnjẹ jáde tó fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ebi bá pọ̀, tí ẹnu ọ̀nà sì jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, inúure nìkan kò tó. Àwa náà ti kó arúgbó jọ sójú oòrùn rí, Ọlọ́run ló kó wa yọ. Nítorí náà a ń bẹ gbogbo ẹgbẹ́ tó wà níjókòó: ẹ má ṣe pe ebi jáde wá bá yín, ẹ lọ bá a nílé.

Ọdún Mẹ́wàá Tó Ń Bọ̀

Lónìí a ó jẹ, a ó mu. Tábìlì ẹlẹ́mu wà lọ́wọ́ òsì, ti sóbò àti omi wà lọ́wọ́ ọ̀tún, kí oníkálukú lè bá ẹ̀sìn rẹ̀ lọ. Ìkọ́kọrẹ́ tí ẹ ó jẹ, irú rẹ̀ kan náà ni ó ti wọ ilé àwọn àgbà wa láàárọ̀ yìí kí a tó gbé tiyín kalẹ̀. Apẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tó bá mú kóńgò gààrí kan wá, kí ó gbé e síbẹ̀. Ẹni tí kò mú un wá, kí ó fi owó rẹ̀ síbẹ̀. A kò ní í kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Ìyá oní-mọ́ínmọ́ín ti di ẹni àná báyìí. Kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Kí ebi má pa ilé wa, kí oúnjẹ má tán lọ́wọ́ wa, kí ojú má sì ti ẹnikẹ́ni tó bá gbà á lọ́wọ́ wa.