Bàbá Àgbà kò kọ ìwé sílẹ̀: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa ìwé ìhágún àti power of attorney

Ọjọ́ kẹta tí a sin Bàbá Àgbà wa ní Akínmọ̀ọ́rìn ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Àwọn alásè ò tíì kó ìkòkò wọn lọ tán. Bàbá ní ilé kan tó fi owó ara rẹ̀ kọ́, àti ilẹ̀ kan tó rà létí títì Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ìyàwó méjì ló fẹ́, nílànà ìbílẹ̀. Ìyálé bí ọmọ kan, ìyàwó, tó jẹ́ ìyá bàbá mi, bí mẹ́rin. Bàbá ò kọ nǹkan kan sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọmọ ìyálé, ní ìdajì ni tòun. Àwọn mẹ́rin yòókù ní irọ́ ni, ọ̀nà márùn-ún ni kí a pín in sí. Èmi náà rò pé wọ́n fẹ́ rẹ́ wa jẹ ni. Ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ lọ́yà ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wọn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Tí kò bá sí ìwé ńkọ́?

Ẹni tó fẹ́ ìyàwó nílànà ìbílẹ̀, tó kú láìkọ ìwé, àṣà ìbílẹ̀ ló sábà máa ń pín ogún rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín in. Ìdí-igi ni pé kí a pín in dọ́gba fún ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan. Orí-òjorí ni pé kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba tirẹ̀ dọ́gba. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní London. Ní 1962, wọ́n ní ìdí-igi ṣì wà nínú àṣà Yorùbá, àmọ́ tí ìyẹn bá fẹ́ dá ìjà sílẹ̀, olórí ẹbí lè ní kí a lo orí-òjorí.

Opó ńkọ́? Lábẹ́ àṣà yìí, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jogún. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe ìgbéyàwó ìbílẹ̀ nìkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún gbólóhùn yẹn kà.

Bí ìwé ìhágún ṣe ń dúró

Ó gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀. Ẹ ó fọwọ́ sí i níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn náà á sì fọwọ́ sí i níwájú yín. Ẹni tó máa jẹ nínú ogún kò gbọdọ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, ọkọ tàbí ìyàwó rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ ṣe é, torí ẹ̀bùn tí ẹ fún un máa wọmi ni. Tí ẹ bá lọ ṣe ìgbéyàwó ní kóòtù lẹ́yìn tí ẹ ti kọ ọ́, ìwé àtijọ́ yẹn sábà máa ń di asán. Ẹ tún òmíràn kọ.

Ohun tó jẹ́ tiyín gan-an lẹ lè há. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe tiyín láti há fún ẹnikẹ́ni.

Power of attorney

Àbúrò bàbá mi kan fa ìwé yìí yọ ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá ti tẹ̀ka sí i nígbà ayé rẹ̀ pé kó máa bójú tó ilẹ̀, kó sì lè tà á. Bùrọ̀dá yìí ti bá oníbàárà sọ̀rọ̀ tán! Lọ́yà rẹ́rìn-ín. Ó ní àṣẹ yẹn ti bá Bàbá wọ ilẹ̀. Ẹni tó fúnni láṣẹ bá kú, àṣẹ náà sábà máa ń kú ni. Tí orí ẹni náà bá dàrú, bákan náà ni. Ìwé yìí kò sì sọ ẹnikẹ́ni di onílẹ̀: ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà sọ bẹ́ẹ̀ ní 1993, nínú ẹjọ́ Ude àti Nwara. Aṣojú lásán ni.

Ẹni tí kò mọ̀wé, ẹ gbọ́dọ̀ ka ìwé náà sí i létí lédè tó gbọ́, kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ti kà á. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun, ẹ fọwọ́ sí i níwájú notary public kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sílé.

Next of kin kì í ṣe àrólé

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ibí yìí la ti ń ṣìnà jù. Orúkọ tí ẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù báǹkì, ẹni tí wọ́n máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni. Ìyẹn nìkan kò sọ ọ́ di ẹni tó ni owó yín. Ìwé àṣẹ láti ilé ẹjọ́, ní ẹ̀ka tí wọ́n ń pè ní Probate, ni báǹkì máa béèrè.

Níbi tọ́rọ̀ dé

Olórí ẹbí ti pè wá jókòó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti gbà láti sọ ìdajì di ìdámẹ́ta, àwọn bàbá mi ò tíì fèsì. Koríko ti bo ilẹ̀ ẹ̀bá títì yẹn.

Mo bi bàbá mi bóyá àwọn ti kọ ìwé tiwọn. Wọ́n wò mí títí. "Ṣé o fẹ́ kí n kú ni?" Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní rárá o, mi ò kàn fẹ́ ká jà ni. Wọn ò dá mi lóhùn. Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta ni wọ́n pè mí lórí fóònù: "Lọ́yà tí o sọ yẹn, ṣé ọjọ́ Sátidé ni wọ́n ń ráyè?"

Bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ pe àwọn òbí yín lónìí, kí ẹ sì kọ tiyín náà.